A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàyẹ̀wò ìwé ìbéèrè owó ìwádìí lórí ìpèníjà ara ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tó wà nídìí fisiotẹ́rápì, ìtọ́jú ọpọlọ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, ló máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ka ìwé wọ̀nyí, kí ló sì ń wò nínú wọn?" Èyí tí wọ́n ń béèrè jù ni mo kó jọ síbí. Gíráǹtì NIDILRR ni mo gbájú mọ́. Òun ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dìídì yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí lórí ìgbé ayé àwọn akanda ẹ̀dá, òun náà sì ni àwọn tó ti bá gíráǹtì ìṣègùn rìn máa ń ṣì mú.

Kí tiẹ̀ ni NIDILRR?

Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fowó sí ìwádìí ni. Òfin ló dá a sílẹ̀ ní 1978, orúkọ mìíràn ló sì ń jẹ́ nígbà náà. Wọ́n yí orúkọ yẹn padà ní 1986. Ó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2014 tó gbé e lọ sábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìlera. Òfin yẹn kan náà ló fi ọ̀rọ̀ nípa kí ènìyàn máa dá gbé ayé ara rẹ̀ kún orúkọ rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré àfikún yẹn o. Dókítà á béèrè bóyá orúnkún ti ń ká. Àwọn wọ̀nyí á béèrè bóyá ẹni tó ni orúnkún ti ń dé ọjà, bóyá iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tó máa sùn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín iṣẹ́ wọn sí: ìlera àti ìlò ara, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, àti gbígbé láàárín àwùjọ. Ìwé tí kò bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ti wù kí ìmọ̀ inú rẹ̀ jinlẹ̀ tó, ọ̀nà ilé onílé ló gbà.

Ṣé gíráǹtì kan ṣoṣo ni?

Rárá. Àwọn ibùdó ìwádìí ńlá wà tí wọ́n ń jẹ́ RRTC, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìrànwọ́ ń jẹ́ RERC, ọdún márùn-ún márùn-ún ni owó wọn. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń tẹ̀ lé àwọn tó ṣèṣe ní ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn tí ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí iná jó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní tiwọn lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n fi sọrí Mary Switzer, obìnrin tó darí ètò ìmúpadàbọ̀sípò ti ìjọba Amẹ́ríkà láti 1950 (ìyẹn ríran ẹni tó ní ìpèníjà ara lọ́wọ́ kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbé ayé rẹ̀), wà fún olùwádìí kọ̀ọ̀kan. FIP ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń dán wò: ìwọ fúnra rẹ lo mú àkòrí wá, kì í sábà ju ọdún mẹ́ta lọ, ìkéde ìdíje ló sì ń sọ iye tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jù lọ́dún kan.

Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ fọkàn sí ni pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, iléeṣẹ́ náà ló ń sọ ohun tó fẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣèwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ akanda, tí ẹ kọ ìwé tó dára jù láyé lórí àwọn àgbàlagbà, kò ní í lọ síbì kankan. Ẹni tí a ní kó wá se ẹ̀bà tó gbé iyán kalẹ̀ ni.

Ta ló ń ka ìwé náà gan-an?

Ibí yìí ni mo ti máa ń fẹ́ pẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú láìmọ̀.

Òfin sọ pé àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni kó máa ka ìwé yìí, àwọn onímọ̀ nínú iṣẹ́ ìmúpadàbọ̀sípò àti nínú ọ̀rọ̀ kí akanda ẹ̀dá máa dá gbé ayé ara rẹ̀. Òfin náà tún sọ ọ́ gbangba pé àwọn akanda ẹ̀dá tó ní ìmọ̀, àti àwọn tó ń ṣojú fún wọn, gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń pè. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé nípa àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ fi sọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà wà lára àwọn tó máa fún yín ní máàkì. Bí ẹ bá kọ nípa adití, adití lè máa kà á, kí ògbufọ̀ sì máa fi èdè ọwọ́ sọ fún un ohun tí àwọn yòókù ń jiyàn lé lórí. Yorùbá tó ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ó dà bí ẹni pé ó wà níbi tí wọ́n ti kọ òfin yẹn.

Èyí kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Òfin 1973 ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi kà á léèwọ̀ pé kí ibi tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ máa ya akanda ẹ̀dá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin, ìlànà tó máa mú un ṣiṣẹ́ kò tíì jáde. Ní oṣù Kẹrin 1977, àwọn akanda ẹ̀dá, Judy Heumann wà lára àwọn aṣíwájú wọn, wọ ọ́fíìsì ìjọba ní San Francisco, wọ́n sì kọ̀ láti jáde. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sùn síbẹ̀, àwọn kan láìsí oògùn wọn, àwọn kan láìsí ẹni tó máa yí wọn padà lórí ẹní. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá iléeṣẹ́ tí à ń sọ yìí sílẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, báwo ló ṣe máa dá ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́jọ́?

Mo máa ń gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn èèyàn wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ òótọ́: ìwé-ẹ̀rí ti gùn wá gàgàrà jù. Àwọn kan wà lórí ìgbìmọ̀ tó jẹ́ pé ìṣirò ìwádìí ni iṣẹ́ wọn, wọ́n á wo ìyẹn. Ẹni tó ti fi ogún ọdún gbé pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ṣẹ́ mọ ohun tí àwọn wọ̀nyẹn kò mọ̀. Bí ẹ bá kọ pé àwọn ènìyàn máa wá sí yàrá ìwádìí yín ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, òun ló máa béèrè ta ló máa wọ aṣọ fún wọn, ọkọ̀ wo ló máa gbé wọn, àti ìgbà wo ni wọ́n máa jí kí aago mẹ́jọ tó lè bá wọn níbẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló máa sọ bóyá ẹ máa rí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹ kọ sílẹ̀ àbí ẹ máa rí mẹ́rìnlélógún. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mà ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fún ni ní máàkì?

Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo máàkì. Ìlànà tó jáde ní 2016 to àwọn ohun tí wọ́n lè wò lẹ́sẹẹsẹ: bí ìṣòro náà ṣe wúwo tó, bóyá ìwé náà dáhùn ohun tí wọ́n béèrè, ètò ìwádìí náà fúnra rẹ̀, bí ẹ ṣe máa tan àbájáde rẹ̀ kálẹ̀, ètò iṣẹ́, ìṣúná owó, àwọn òṣìṣẹ́, ohun èlò àti ibi iṣẹ́, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Wọn kì í lo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkéde ìdíje kọ̀ọ̀kan ló máa sọ èyí tí wọ́n mú àti iye máàkì tó wà lórí rẹ̀. Ohun kan wà tí ìlànà yẹn ní kí wọ́n máa wò nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wo ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́: bóyá ẹ gbìyànjú láti gba àwọn tí wọ́n ti ń fi sẹ́yìn tipẹ́ síṣẹ́, ìyẹn nítorí àwọ̀, orílẹ̀-èdè, ọjọ́ orí, jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, tàbí ìpèníjà ara.

Olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ dá ka ìwé náà, á kọ ibi tó lágbára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ á pàdé, lórí fóònù tàbí fídíò, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí i pé òun ṣi ìwé náà kà lè yí máàkì tó fún un padà. Wọ́n á wá pín gbogbo máàkì dọ́gba láti mọ iye tó kan ìwé náà, wọ́n á sì to àwọn ìwé láti òkè wá sílẹ̀. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ló ni ìpinnu ìkẹyìn, ṣùgbọ́n orí àtòjọ yẹn ló máa tẹ̀ lé jù, títí owó á fi tán.

Ibo ni máàkì pọ̀ sí jù?

Ètò ìwádìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Síbẹ̀, ojú ìwé tí àwọn èèyàn wa ń fi sọ bí ìyà akanda ẹ̀dá ṣe pọ̀ tó máa ń gùn débi pé ètò ìwádìí á wá kúrú bíńtín. Olùyẹ̀wò mọ̀ pé ìyà wà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpèjúwe kan hàn. Ká sọ pé ẹ fẹ́ ṣe ètò orí fóònù tó máa rán ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́ létí oògùn rẹ̀. Olùyẹ̀wò á fẹ́ rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ṣáájú yín àti ihò tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Á fẹ́ mọ irú ẹni tí ẹ máa mú: ṣé ẹni tó ṣèṣe ní oṣù tó kọjá ni, àbí ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún? Kí ló dé tí ẹ fi mú ọgọ́ta, kí ló dé tí kì í ṣe ogójì? Ohun tí ẹ máa fi wọn ìyípadà ńkọ́, ṣé wọ́n ti dán an wò lórí àwọn tí ọpọlọ wọn rí bẹ́ẹ̀ rí, àbí ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ara wọn le ni wọ́n ti yá a? Bí ìdámẹ́ta wọn bá fi ètò náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kí lẹ máa ṣe sí ìṣirò yín?

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó máa ń bá ènìyàn lójijì: ta ló sọ fún yín pé ìránnilétí ni wọ́n ń fẹ́? Bóyá ó rántí oògùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ìdérí rẹ̀. Ìwé tó bá ti jókòó pẹ̀lú mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nínú wọn kó tó yan àkòrí máa ń hàn láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Èyí tó kàn lọ gba lẹ́tà ìtìlẹ́yìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akanda ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn náà máa ń hàn. Mo ti ka lẹ́tà mẹ́ta nínú ìwé kan ṣoṣo rí, ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ inú wọn kò fi kọ́má kan yàtọ̀ síra. Ẹ wo ara yín nínú dígí.

Wọ́n ní kí n sọ ìpele tí ìwádìí mi wà. Kí nìyẹn?

Ìpele mẹ́rin ni fún ìwádìí: wíwá òye ìṣòro náà, ṣíṣe àgbékalẹ̀ ọ̀nà àbáyọ, dídán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, àti gbígbé e lọ sí ibi púpọ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní tiwọn, mẹ́ta: ṣé èrò náà tiẹ̀ ṣeé ṣe, ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, ṣé àwọn ènìyàn máa gbà á lò. Ìpele èyíkéyìí tí ẹ bá mú kò ní máàkì ju ìkejì lọ. Ohun tó ń ba ìwé jẹ́ ni irọ́ pípa fún ara ẹni. Ẹni tí kò tíì da ìpìlẹ̀ ilé kì í lọ ra páànù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi ètò orí fóònù yẹn han ènìyàn márùn-ún rí, ẹ má kọ pé irinwó ènìyàn lẹ fẹ́ pín sí ọ̀nà méjì. Ẹ sọ pé ìpele àgbékalẹ̀ lẹ wà, kí ẹ sì ṣe é dáadáa.

Ìṣúná owó ńkọ́?

Kó bá iṣẹ́ mu. Owó tó kéré jù máa ń kó ìfura bá ìwé gẹ́gẹ́ bí èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni owó ògbufọ̀ èdè adití, owó ọkọ̀ fún àwọn tó máa kópa, owó ìwé bíréèlì, àti owó fún àwọn akanda ẹ̀dá tó ń gbà yín nímọ̀ràn. Bí ẹ bá ní ìgbìmọ̀ agbaninímọ̀ràn tó jẹ́ akanda ẹ̀dá, tí orí ìlà tiwọn sì jẹ́ òdo nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan ń gba owó tirẹ̀, olùyẹ̀wò ti ka gbogbo ohun tó fẹ́ kà.

Ṣé kò yàtọ̀ sí ti NIH, àjọ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà?

Ó yàtọ̀ gan-an, ó sì ti kó àwọn kan sí wàhálà. NIH ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí ìṣègùn ìmúpadàbọ̀sípò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Níbẹ̀, 1 ló dára jù, 9 ló burú jù. Àpapọ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 10 dé 90, tó bá sì ti kéré ló dára. Láti oṣù Kìíní 2025, wọ́n pa àwọn ohun tí wọ́n ń wò pọ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń fún bí iṣẹ́ náà ṣe ṣe pàtàkì tó àti bí ìlànà rẹ̀ ṣe múná tó ní máàkì. Ní ti ìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun èlò wọn, wọ́n kàn ń sọ bóyá ó tó ni. Ìyẹn ń dín agbára orúkọ ńlá kù. Ní ti NIDILRR, 100 ni òkè téńté, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè ní máàkì tiwọn. Ẹni tó bá gbé ìwé tó fi béèrè owó lọ́wọ́ NIH tó kàn yí orúkọ padà kó tó fi ránṣẹ́ máa ń kó èrò ìṣègùn wọ ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbé ayé.

Ìbàdàn ni mo wà. Ṣé mo lè béèrè?

Fún NIDILRR, rárá. Iléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kò lè gba gíráǹtì wọn ní tààràtà. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí ọ sí; ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Houston lè jẹ́ olórí ìwádìí. Ní ilé, owó ìwádìí TETFund wà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Àkòrí kò sì wọ́n wá: òfin Nàìjíríà ti 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ara wọn ní èyí tí akanda ẹ̀dá lè wọ̀. Ọdún márùn-ún ti kọjá. Ẹ lọ ka àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sẹ́kítéríàtì tó sún mọ́ yín.

Kí ló máa ń mú kí wọ́n má tiẹ̀ ka ìwé?

Pípẹ́ dé, kíkọ jù iye ojú ìwé lọ, àti ìforúkọsílẹ̀. Orí Grants.gov ni ẹ ti máa fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lórí SAM.gov, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwé kan tí mo lọ́wọ́ sí ti kú báyìí rí: ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti pé ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe. Oṣù mẹ́jọ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ lọ béèrè lónìí. Wọ́n tún máa ń ní kí ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú ṣáájú pé ẹ ń bọ̀. Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń mọ iye ìwé tí ń bọ̀ àti irú olùyẹ̀wò tí wọ́n máa wá. Ẹ sì wo ojú ìkéde dáadáa lọ́dọọdún: ní oṣù Kẹta 2025, iléeṣẹ́ ètò ìlera kéde pé àwọn máa tú ACL, àjọ tí NIDILRR wà lábẹ́ rẹ̀, ká sínú àwọn ẹ̀ka mìíràn.

Ìwé mi kò yege. Ṣé mo ti ṣòfò?

Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ àwọn olùyẹ̀wò ránṣẹ́. Ẹ má kà á lọ́jọ́ tó dé. Ẹ jẹ́ kí inú rọ̀. Tí ẹ bá wá kà á, ẹ wá ibi tí ẹni méjì ti sọ ohun kan náà. Ibẹ̀ ni egbò wà. Ibi tí ẹnìkan ti ṣì yín gbọ́, ẹ má bínú sí i, ẹ tún gbólóhùn yẹn kọ, nítorí ẹlòmíràn náà á ṣì í gbọ́. Ẹ rántí pé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ lè jẹ́ ènìyàn ọ̀tọ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹrú ohun tí àwọn ti èṣí sọ.

Ṣé èmi náà lè di olùyẹ̀wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn wa pọ̀ síbẹ̀, pàápàá àwọn akanda ẹ̀dá àti àwọn tó ń tọ́ ọmọ tó jẹ́ akanda. Ẹ fi ìtàn iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ dáadáa àti ìrànwọ́ tí ẹ nílò, bí ìwé onílẹ́tà ńlá tàbí ògbufọ̀. Òfin gbà wọ́n láyè láti kọ́ àwọn olùyẹ̀wò níṣẹ́, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ò ṣe é rí. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní ìwé nínú ìdíje náà, ẹ máa yẹ̀ fún un. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ó gba àkókò o. Ìwé kan lè ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ pẹ̀lú àwọn àfikún rẹ̀, wọ́n sì lè kó bíi mẹ́fà lé yín lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, obìnrin afọ́jú kan tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ka ìwé sí i létí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní àtẹ kẹrin nínú ìwé náà, àwòrán lásán ni wọ́n fi ṣe é, kọ̀ǹpútà òun kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìwé ọ̀hún, lórí bí afọ́jú ṣe lè ríṣẹ́ ni.